Dúrọ́ọ̀mù, táǹkì dúdú àbí táǹkì sìmẹ́ńtì: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ fi gba omi òjò fún ọgbà ẹ̀yìnkùlé yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi mí ní ìbéèrè kan náà láàárín oṣù yìí, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ìlíṣàn, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣágámù, ẹnì kẹta sì ni ìyá kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo wọn ló ń béèrè pé kí làwọn máa rà láti fi gba omi òjò táwọn á máa bù wọ́n ẹ̀fọ́ àti ata, ṣé dúrọ́ọ̀mù ni àbí táǹkì ńlá dúdú yẹn, àbí káwọn kúkú pe bíríkìlà kó wá mọ nǹkan sílẹ̀. Mo wá ní kí n jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sójú kan, kí n fi wọ́n wéra bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, torí ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń gba omi òjò sí ọgbà mi, mo sì ti lo ju oríṣi kan lọ nínú wọn.

Ohun tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé iye òjò tó ń rọ̀ ni wọ́n fi ń wọn ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n á wo bí omi ṣe ń ya wálẹ̀ látorí páànù lóṣù kẹfà, ọkàn wọn á ní kí wọ́n lọ ra èyí tó tóbi jù lọ́jà kí omi má baà ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, òjò ò wọ́n wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti ìgbà tí àkọ́rọ̀ bá ti dé lóṣù kẹta títí di àrọ̀kúrò lóṣù kẹwàá, omi ń bọ̀ náà ni, àti pé oṣù kẹfà tó ń ya wálẹ̀ yẹn gan-an, ilẹ̀ ti mu yó, ẹ ò ní bu ife kan lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Iye ọjọ́ tí òjò ò ní rọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kà.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pín sí mẹ́ta lọ́dọ̀ wa níbí. Àkọ́kọ́ ni àlàfo kéékèèké inú oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ayé á gbin nǹkan, ó wá di ọjọ́ márùn-ún ọjọ́ mẹ́fà tí kò ní kán mọ́, oòrùn á sì jó ẹ̀fọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí. Ìkejì ni ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ, ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì tá a máa ń sọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ojú ọ̀run á kàn ṣú dùdù lásán. Ìkẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn fúnra ẹ̀, láti bí àárín oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ dé kó tún lọ, ó di oṣù kẹta. Kẹ́ ẹ tó mú owó jáde, ẹ mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ fẹ́ kí omi yín gbé yín kọjá.

Ẹ jẹ́ ká fi ọgbà tèmi ṣírò ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ni mo ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 1, ó gùn ní mítà 3, ṣọkọ̀ wà lórí ọ̀kan, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ lórí ìkejì, ata rodo àti tòmátò lórí ìkẹta. Ibi tó fẹ̀ ní mítà 1 tó sì gùn ní mítà 1 máa ń gba bíi lítà 4 omi lóòjọ́ tí oòrùn bá mú, gbogbo ẹ̀ papọ̀ wá jẹ́ lítà 36, ìyẹn bí bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 10 mẹ́rin tí kò kún dẹ́nu. Tó bá jẹ́ àlàfo ọjọ́ márùn-ún, lítà 180 nìyẹn, dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ti tó. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta inú oṣù kẹjọ, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú nígbà yẹn, ọjọ́ méjì méjì ni mo fi ń bomi rin wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni gbogbo ẹ̀, lítà 360, dúrọ́ọ̀mù méjì nìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀ẹ̀rùn lẹ fẹ́, ọgọ́fà ọjọ́ la ń sọ o, kódà kẹ́ ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀fọ́ kẹ́ ẹ sì máa bomi rin ín lọ́jọ́ méjì méjì, ó máa lé ní lítà 2,000, tẹ́ ẹ bá wá ń bomi rin ín lójoojúmọ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ rí i pé ọgbà kan náà ni, bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ máa rà fún un yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru.

Òrùlé ńkọ́, ṣé ó lè kún nǹkan tẹ́ ẹ rà? Òjò tó bá ga ní mìlímítà 1 lórí òrùlé tó bo mítà 1 ní ìbú àti mítà 1 ní òòró, lítà 1 omi gééré nìyẹn, ìṣirò ẹ̀ ò le rárá. Ilẹ̀ tí òrùlé bò mọ́lẹ̀ lẹ máa wọ̀n o, ẹ má gun orí páànù lọ wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀. Apá ẹ̀yìn ilé mi jẹ́ mítà 10 sí mítà 4, ìyẹn 40, tí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀, èyí tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà níbí, lítà 800 ló yẹ kó wá, ẹ yọ èyí tó ta dànù àti èyí tí páànù mu kúrò, kó ṣẹ́ ku bí 640. Òjò ẹyọ kan ti kún dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta nìyẹn. Torí náà ẹ má bẹ̀rù pé òrùlé yín kéré, kódà òrùlé kíṣìnnì nìkan tó láti kún dúrọ́ọ̀mù.

Ó yá, ká wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kẹ́ẹ̀gì, báàfù àti ìkòkò

Èyí ni gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìperu, bí atẹ́gùn òjò bá ti ń fẹ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, a ti gbé amù, garawa àti báàfù síta sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹni tí báàfù ẹ̀ bá kún á pariwo, ẹlòmíì á sáré wá gbé e. Àwọn àgbà tó kọ́ ilé alákòdì láyé àtijọ́ mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe, òrùlé ọ̀tún, òsì, iwájú àti ẹ̀yìn, gbogbo wọn ló dojú kọ àgbàlá àárín, òjò kì í jábọ́ sí ìta lásán, inú ìkòkò tí wọ́n gbé sí igun àgbàlá ló ń lọ.

Àǹfààní ẹ̀ ni pé kò ná yín ní nǹkan kan. Àmọ́ fún ọgbà, ó ń fìyà jẹ èèyàn, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ò tó bomi rin bẹ́ẹ̀dì mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ẹ̀ kéré tí òjò ò lè rí wọlé dáadáa àfi tẹ́ ẹ bá fi àrọ sí i, báàfù sì rèé, ó la ẹnu sílẹ̀ fún ẹ̀fọn. Ẹni tó ní ata mẹ́fà nínú rọ́bà péńtì níwájú ilé, tó ń háyà yàrá kan, kó máa lo kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ẹ̀ lọ, ó ti tó o. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó ju ìyẹn lọ kó tẹ̀síwájú.

Dúrọ́ọ̀mù búlúù

Èmi ò ní fi bò, èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun ni mo sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ń gba lítà 200 sí 220, èèyàn méjì lè gbé e lófìfo, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan lọ́dún yìí kẹ́ ẹ fi òmíì kún un lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní kí ẹ kó owó jọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti le ni rírà ẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn, nǹkan kan ti wà nínú wọn rí. Òmíì jẹ́ òróró, òmíì jẹ́ omi èso, òmíì sì jẹ́ kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ tàbí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ra ọ̀kan lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni tó tà á fún mi ní òun ti fọ̀ ọ́, ó ń dán bí awo, mo gbà á gbọ́. Ọjọ́ kẹta tí mo bu omi ẹ̀ sí ata, ewé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká láti etí, etí ọ̀hún pupa rúsúrúsú bí ẹni fi iná rà á, tí mo wá ki orí bọ inú dúrọ́ọ̀mù yẹn lọ́sàn-án tí oòrùn ti mú un gbóná, òórùn tó fẹ́ sí mi nímú kò ṣeé fẹnu sọ. Àárọ̀ tí mo rà á lọ́jà, ó tutù, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Nítorí náà báyìí ni mo ṣe ń ṣe é: tí mo bá fẹ́ ra dúrọ́ọ̀mù, màá gbé e sínú oòrùn, màá dé ọmọrí ẹ̀ pa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màá wá ṣí i kí n gbóòórùn ẹ̀. Màá sì wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí wọ́n bá ti ya á dànù pátá débi pé kò ku nǹkan kan, tí ẹni tó ń tà á ò sì lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ rí, màá fi í sílẹ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá lọ sí ọjà Òkè-Ajé níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ máa rí i pé èyí tó gbé òróró wá máa ń wọ́n díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, ẹ san owó yẹn.

Ẹ fi ẹ̀rọ omi, ìyẹn táàpù, sí i nísàlẹ̀, àmọ́ ẹ má fi sí ìdí ẹ̀ pátápátá, ẹ fi í gòkè tó ìka mẹ́rin kí ìdọ̀tí lè rí ibi sùn sí. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹ̀ títí bọ́kẹ́ẹ̀tì á fi wọ abẹ́ ẹ̀rọ dáadáa, kí ẹ sì rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú tó sì le, torí dúrọ́ọ̀mù tó kún wúwo ju kílò 200 lọ, tó bá ya sí ẹ̀gbẹ́ tó wó lu ọmọ, ọ̀rọ̀ burúkú ni.

Ẹni tó bá fẹ́ so méjì mọ́ra, ọ̀nà méjì ló wà. Púlọ́ńbà tó ṣe tèmi fẹ́ so ó nísàlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n so ó nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa kún, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ máa rà." Mo ní, "Ó dáa, tí ọ̀kan bá wá ń jò ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àwọn méjèèjì náà ló máa gbẹ, ma." Mo ní kó so ó lókè. Tẹ́ ẹ bá so ó lókè, èkíní á kún tán kó tó dà sí ìkejì, eruku àti ewé á ti rọlẹ̀ sínú èkíní, omi tó mọ́ ló máa wọ ìkejì, àti pé tí ọ̀kan bá bàjẹ́ ìkejì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ méjì lẹ máa rà lóòótọ́, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù onírin

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ó ń dógùn-ún, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ìdí ẹ̀ á ti lu, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ kọ̀dà tàbí epo ọkọ̀ ni wọ́n kó sínú ẹ̀ rí, oòrùn sì máa ń mú omi inú ẹ̀ gbóná janjan. Tẹ́ ẹ bá ti ní èyí tí kò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí nílé tẹ́lẹ̀ ẹ lò ó tán, àmọ́ ẹ má fi owó ra á.

Táǹkì dúdú

Èyí tí gbogbo wa ń pè ní GeePee, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ míì ló ṣe é. Ó wà ní lítà 500, 1,000, 2,000, ó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn lẹ fẹ́ la kọjá, ibí lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá tẹ́ ẹ máa tò láti fi tó lítà 2,000, àyè wo lẹ máa tò ó sí, ẹ̀rọ mélòó lẹ máa rà, ibi mélòó ni á máa jò. Dúdú tó dú yẹn wúlò o, ìmọ́lẹ̀ ò lè gba ara ẹ̀ wọlé, nítorí náà omi ẹ̀ kì í ní ewé inú omi tó máa ń sọ ọ́ di gíríìnì, mo ti ṣí tèmi lóṣù kejì rí, omi àrọ̀kúrò ló wà nínú ẹ̀, ó ń dán bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni ìwúwo. Lítà 1,000 omi, tọ́ọ̀nù kan gbáko nìyẹn, ọkọ̀ kékeré kan nìyẹn tẹ́ ẹ gbé sórí òpó. Aládùúgbò wa kan ní kí káfíńtà bá òun fi pákó ṣe ibi tó máa gbé e lé, ó dúró láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, òru ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá, gbogbo wa gbọ́ ìró bíi pé ilé wó, omi ti rọ pákó yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan rún, táǹkì lọ kọlu fẹ́ǹsì ó sì pín sí méjì. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tó fi jẹ́ pé òru ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sókè, wẹ́dà tó mọṣẹ́ ni kẹ́ ẹ bá, tàbí kẹ́ ẹ mọ búlọ́ọ̀kù kẹ́ ẹ sì da dẹ́ẹ̀kì lé e lórí, kí gbogbo ìdí táǹkì sì jókòó lé nǹkan tó tẹ́jú, kó má ní ibi tó yọ sí òfìfo. Fún ọgbà nìkan, ẹ ò tiẹ̀ nílò kó ga, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sókè tó láti bu omi. Ẹni tó fẹ́ fi họ́ọ̀sì rin gbogbo ọgbà ló nílò gíga, torí gíga yẹn ló ń ti omi, táǹkì tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi á kàn máa yọ tí-tí-tí lẹ́nu họ́ọ̀sì ni.

Nǹkan kan tún wà. Gọ́tà yín gbọ́dọ̀ ga ju ẹnu táǹkì lọ kí omi tó lè wọlé, àwọn kan ti ra táǹkì tó ga dé etí òrùlé, wọ́n wá ń wo ara wọn lójú. Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó lọ rà á.

Táǹkì inú kéèjì

Èyí tó funfun tí irin yí i ká, lítà 1,000 ló ń gbà, wọ́n máa ń rí i rà dáadáa ní apá Ṣágámù níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Ó máa ń dínwó ju táǹkì dúdú tuntun lọ, ó ti ní ẹ̀rọ lábẹ́, irin tó yí i ká ò jẹ́ kó wú. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa òórùn dúrọ́ọ̀mù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún fún èyí, kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé wá. Èkejì, funfun ni, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ omi ẹ̀ á ti di gíríìnì tí á máa yọ̀, àfi kẹ́ ẹ fi tapólì bò ó tàbí kẹ́ ẹ kùn ún ní dúdú. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó gbé nǹkan jíjẹ wá, tẹ́ ẹ sì bò ó dáadáa, ó dára, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Táǹkì sìmẹ́ńtì

Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ yíká Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ máa rí táǹkì sìmẹ́ńtì tí páìpù òrùlé wọ inú ẹ̀. Ti ilé ìyá àgbà mi ṣì wà níbẹ̀ di òní, igun mẹ́rin, ó ga tó àyà mi, ojú ẹ̀ ti ṣú dúdú, òpó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ló yí i ká. Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe é o, erékùṣù kan wà tí wọ́n ń pè ní Bermuda, kò sí odò tàbí adágún omi tí wọ́n lè mu níbẹ̀, òfin wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gbọ́dọ̀ gba omi òjò láti orí òrùlé ẹ̀ sínú táǹkì, abẹ́ ilé ni táǹkì ọ̀hún sì sábà máa ń wà.

Ẹni tó bá fẹ́ dá oko ẹ̀fọ́ sílé, tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ tó mẹ́wàá, tó sì fẹ́ máa tà á lóṣù kejì tí ẹ̀fọ́ ń wọ́n, òun ni mo máa ní kó mọ ọ́n, lítà 10,000 sókè lọ̀rọ̀ ẹ̀. Owó ẹ̀ pọ̀ jù gbogbo ìyókù lọ, àmọ́ tí bíríkìlà bá ṣe é dáadáa, àwọn ọmọ yín á bá a. Tí kò bá ṣe é dáadáa, á sán, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé tẹ́ ẹ máa ṣí i tẹ́ ẹ máa bá ìsàlẹ̀ gbígbẹ. Irin gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀, kí wọ́n rẹ́ ẹ nínú pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí wọ́n po nǹkan adènà omi mọ́, kí wọ́n sì máa fi omi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kó lè gbó. Omi tó bá kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀ máa mú nǹkan inú sìmẹ́ńtì dání tí kò bá irúgbìn lára mu, ẹ kún un kẹ́ ẹ dà á nù lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má mọ ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ sọ́kawéè. Ẹ má sì mọ ọ́n sí ibi tí gbòǹgbò igi ńlá wà, mángòrò tàbí odán, gbòǹgbò ń wá omi, á sì rí i.

Tó bá jẹ́ èyí tó wọlẹ̀, ọmọrí ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tàbí dẹ́ẹ̀kì, kó ní àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi páànù kan àti òkúta bò ó. Ọmọdé ń sáré kiri àgbàlá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Ohun tó kan gbogbo wọn

Gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, tówó yín bá tó táǹkì lítà 1,000 láìsí gọ́tà, tàbí dúrọ́ọ̀mù méjì pẹ̀lú gọ́tà tó dára, dúrọ́ọ̀mù méjì ni kẹ́ ẹ mú. Mo ti rí ilé tí táǹkì ńlá jókòó sí, tó jẹ́ pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ìlà páànù márùn-ún péré ló ń wọ inú ẹ̀, ìyókù ń dà sílẹ̀. Gọ́tà rọ́bà ni mo lò, kì í dógùn-ún, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí irin tó gbé e dúró jìnnà síra jù á tẹ̀ láàárín, omi á dúró síbẹ̀, ẹ̀fọn á wá kọ́lé sínú ẹ̀. Èyí tí wẹ́dà tàbí oníṣẹ́ páànù fi páànù tẹ̀ dínwó, ó le, ó kàn máa ń dógùn-ún níbi ojú ìsopọ̀. Ọparun tí wọ́n là sí méjì náà ń ṣiṣẹ́, mo rí i ní abúlé kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ọdún méjì ló máa ń lò kí ikán tó jẹ ẹ́. Èyí ó wù kó jẹ́, kó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí omi gbà.

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ má gbà á. Eruku oṣù mẹ́ta, ìgbẹ́ ẹyẹ, ìgbẹ́ alángbá, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí páànù, omi tó kọ́kọ́ wálẹ̀ máa ń pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Ẹ yọ páìpù sí ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kó fọ òrùlé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó dá a padà. Ẹni tí òrùlé ẹ̀ bá jẹ́ asibẹ́sítọ̀ àtijọ́ tó ti ń hó, kó wá ibòmíì gba omi, kó má sì gun orí ẹ̀ lọ fọ̀ ọ́ tàbí kó máa ha á.

Ẹ̀fọn ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn kórìíra omi òjò nínú ilé, wọn ò sì jẹ̀bi. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti yé ẹyin sínú omi, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí ọmọ ẹ̀ á fi máa fò. Tẹ́ ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú omi tẹ́ ẹ rí tanwíjí tó ń jó sókè sódò, ẹ̀fọn tí yóò bù yín jẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ̀ ń wò yẹn. Nẹ́ẹ̀tì wínńdò lẹ máa ra, ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tí àpọ̀jù ń gbà jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ti àpọ̀jù yẹn. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i bí àwọn àgbà ti ń ṣe, ìdí ẹ̀fọ́ lomi yẹn ń lọ.

Ibi tí àpọ̀jù omi ń gbà, ẹ ronú sí i. Dúrọ́ọ̀mù mi àkọ́kọ́ máa ń kún lóṣù kẹfà, ó máa ń dà sí ìdí ògiri, ilẹ̀ pupa tiwa yìí kì í dúró de omi, láàárín òjò mẹ́rin márùn-ún, mo ti ń rí fáńdéṣọ̀n ilé. Mo fi páìpù darí ẹ̀ lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò, àwọn ni wọ́n lè mu ún tí wọn ò ní ráhùn.

Ẹ má mu omi yìí o. Ti ọgbà la ń sọ, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ti ọgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbọ́ èyí: inú oṣù kẹsàn-án ni kẹ́ ẹ fọ táǹkì yín mọ́ tónítóní, àrọ̀kúrò tó máa tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ sì pa á dé. Òjò mẹ́rin tó dára ti kún lítà 2,000 láti orí òrùlé bíi tèmi. Ẹni tó bá dúró di oṣù kọkànlá kó tó ronú nípa ẹ̀, òjò ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ohun tí mo wá sọ fún àwọn mẹ́ta tó béèrè nìyí. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Ṣágámù, ata àti ewúro ló gbìn sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, ilé tó ń háyà ni, lánlọ́ọ̀dù sì lè ní kó kó jáde nígbàkigbà, mo ní kó ra dúrọ́ọ̀mù kan, kó fi páìpù kékeré gba omi láti orí òrùlé kíṣìnnì, tó bá ń kó lọ á gbé e dání. Ìyá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ilé tiwọn, ilẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ tó púlọ́ọ̀tì kan, àwọn ọmọ wọn ti fẹ́ rán owó wá, mo ní kí wọ́n mọ táǹkì sìmẹ́ńtì sórí ilẹ̀, kí wọ́n má gbẹ́ ẹ wọlẹ̀, torí ọmọ-ọmọ mẹ́rin ló ń gbé lọ́dọ̀ wọn, àti pé agbára fífa omi láti inú ilẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wọn mọ́, kí ẹ̀rọ wà ní ìbàdí kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi ní Ìlíṣàn ló ṣòro. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló ní, ó fẹ́ jẹ ṣọkọ̀ lóṣù kìíní, owó ẹ̀ ò tíì tó táǹkì. Mo ní kó ṣe gọ́tà ẹ̀yìn ilé ẹ̀ tán pátápátá lọ́dún yìí, kó ra dúrọ́ọ̀mù méjì, kó so wọ́n lókè, kó fi gbé ara ẹ̀ kọjá oṣù kẹjọ, nígbà tó bá sì di ọdún tó ń bọ̀ kó ra táǹkì dúdú lítà 2,000 kó fi sí ìparí gọ́tà kan náà, bẹ́ẹ̀dì méjì péré ni kó wá máa gbìn lẹ́ẹ̀rùn, kó fi koríko bò wọ́n. Ó ní òun ti rí dúrọ́ọ̀mù kan lọ́dọ̀ ẹnì kan, ó mọ́, owó ẹ̀ ò sì wọ́n rárá. Mo ní kó má tíì sanwó. Sátidé yìí ni mò ń bọ̀ níbẹ̀, a máa gbé e sínú oòrùn ká dé e pa, kí n ki imú bọ̀ ọ́ ná.